Ta ni yóò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Bàbá?

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá. Wọ́n ti ń to àga léra wọn nínú gbọ̀ngàn tí ìyá ọ̀rẹ́ mi kan ti ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún ní Cardiff. DJ ti ń ká wáyà rẹ̀, àwọn ìyá sì ń pín ìrẹsì tó ṣẹ́kù sínú ike áísìkiriìmù. Èmi náà ti gba tèmi, ike méjì, mo fi ìborùn bò ó kí ẹni tí kò rí gbà má baà bínú. Ẹnu ọ̀nà ni èmi àti ọmọbìnrin mi dúró sí nígbà tí Bàbá Tóyìn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àpò agbádá wọn wò, ọ̀tún, òsì, àyà. Wọ́n ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Bàbá Tóyìn jẹ́ sí mi. Wọn kò bí mi, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lẹ́yìn odi mọ bí a ṣe ń di ẹbí ara wa níhìn-ín. Lọ́dún tí mo dé, àwọn ni wọ́n wá gbé mi ní ibùdókọ̀ nínú òtútù oṣù kejì. Àwọn ni wọ́n bọ́ kóòtù ọrùn ara wọn fún mi, tí wọ́n ní kí n má dá a padà. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n. Bristol ni wọ́n ń gbé, nǹkan bíi máìlì 45 sí Cardiff, ojú ọ̀nà M4, kọjá afárá Severn. Òjò ń rọ̀ lóde. Wọ́n sì ti ń mu láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, bíà lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ògógóró tí ẹnì kan gbé wá láti ilé nínú ìgò omi.

Nígbà tí wọ́n rí kọ́kọ́rọ́ náà, ó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti mú un, wọ́n fọwọ́ ti ògiri, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú. Gbogbo àwa tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìfẹ́ ni o, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín.

"Ẹ má da Dádì láàmú, ọkọ̀ yẹn mọ ilé fúnra rẹ̀!"

"Àwọn tó wa ọkọ̀ láti Èkó dé Kánò, kí ni M4 fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

Ìyàwó wọn ti jáde lọ síbi ọkọ̀, wọ́n ń de bẹ́líìtì mọ́ ọmọ-ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́rin.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe. Mo ti fi ọwọ́ mi pa ojú àwọn tí ọkọ̀ pa dé. Èmi náà sì rẹ́rìn-ín.

Kí n tó sọ ohun tó tẹ̀lé ẹ̀rín yẹn, ẹ bá mi padà sílé ná.

Ní 2010 mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì ní Ifẹ̀, níbi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìbàdàn ni àwọn òbí mi ń gbé, nítorí náà ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ dà bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa lójú mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo wọ bọ́ọ̀sì ní gáréèjì Ìwó Road. Kí ọkọ̀ tó kún, dírẹ́bà lọ bá ìyá tó ń ta párága. Ó gba ife kékeré kan, ó dà á sọ́fun, ó na ife náà padà, ìyá yẹn sì bu òmíràn fún un. Kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá oníparága àti ìyá oníbúrẹ́dì jókòó ti ara wọn, bíi pé oúnjẹ àárọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń tà. Ọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tilẹ̀ ní ó dára bẹ́ẹ̀, pé yóò jẹ́ kí ojú dírẹ́bà là.

Bí a ṣe jáde nílùú báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá irú eré tí àwọn oníròyìn wa ń pè ní eré àsápajúdé. Ó ń gba àárín tírélà méjì kọjá, ó ń tẹ fèrè, ó ń fi ọwọ́ kan dáhùn fóònù. Ìyá kan wà ní ìlà iwájú mi, wọ́n gbé àpò ẹ̀wà sórí ẹsẹ̀. Àwọn nìkan ló sọ̀rọ̀.

"Dírẹ́bà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra."

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi ni?"

Ìyá náà tún un sọ. Inú ọkọ̀ ló wá dá wọn lóhùn o, kì í ṣe dírẹ́bà. Ọkùnrin kan tó wọ táì ní, "Ẹ jẹ́ ó gbájú mọ́ ọ̀nà, ẹ ti fẹ́ fi ọ̀rọ̀ da orí ẹ̀ rú." Ẹlòmíràn ní kí Màmá máa gbàdúrà, pé ẹ̀jẹ̀ Jésù ló ń wa ọkọ̀. Ohùn kan láti ẹ̀yìn pátápátá ní, "Ẹni tẹ́rù bá ń bà kó sọ̀kalẹ̀, kó lọ háyà tàkìsì!" Ni gbogbo ọkọ̀ bá rẹ́rìn-ín.

Èmi ńkọ́? Mo ní kíláàsì aago mẹ́sàn-án, olùkọ́ yẹn sì máa ń ti ilẹ̀kùn. Mo wo aago ọwọ́ mi, mo pòṣé. Ìyá náà ni mo pòṣé sí, kì í ṣe dírẹ́bà. Wọ́n yíjú padà, wọ́n wò mí, èmi ọmọ tí wọ́n lè bí. Wọn kò sọ̀rọ̀ mọ́ láti ibẹ̀ lọ.

A ti kọjá Ìkirè nígbà tí dírẹ́bà rí kòtò kan níwájú. Ká ní ó rọra ń bọ̀ ni, kòtò lásán ni. Ó já ọwọ́ ọkọ̀ sí òsì, bọ́ọ̀sì náà sì yí lẹ́ẹ̀mejì. Èèyàn méjì kú lójú ẹsẹ̀. Apá òsì tèmi kán. Itan ìyá náà kán, egungun yọ síta. Àwọn ará abúlé tó sáré wá ràn wá lọ́wọ́, Ọlọ́run á bá mi san án fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n fa ìyá náà jáde ní apá àti ẹsẹ̀ bí ẹni ń fa àpò gàrí. Mo mọ̀ pé ó yẹ ká fi igi di ẹsẹ̀ yẹn kó má mì kí a tó gbé wọn. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí wọ́n kọ́ wa. Mo pariwo, kò sẹ́ni tó gbọ́ tèmi. Dírẹ́bà jókòó sínú koríko, ó ń ké pe ìyá rẹ̀.

Ọkọ̀ tó gbé ìyá náà lọ kọ́ ló gbé mi. Mi ò mọ orúkọ wọn. Mi ò mọ bóyá wọ́n padà fi ẹsẹ̀ yẹn rìn.

Ní ọjọ́ Àìkú kejì, ẹbí wa ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ ní ọ̀tá ló fẹ́ gba ògo mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ní Ògún ló ń wá ẹ̀jẹ̀, pé ó yẹ kí àwọn onígáréèjì ti bọ ọ́ tipẹ́. Ìyá mi ní àwọn aráalé bàbá mi ni, wọ́n sì dárúkọ wọn. Bàbá mi bú ìjọba nítorí kòtò, òótọ́ sì ni, kòtò náà wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìyá oníparága. Kò sẹ́ni tó sọ pé a sá eré. Èmi tí mo wà nínú ọkọ̀, tí mo rí ife kìíní àti ife kejì, mo jó lọ síwájú pẹpẹ pẹ̀lú apá tí wọ́n fi aṣọ gbé kọ́ ọrùn, mo dúpẹ́, n kò sọ nǹkan kan.

A máa ń gbàdúrà pé kí a má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àdúrà rere ni, mo ṣì ń gbà á títí dòní. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo gboyè, mo ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́rin ní yàrá ìtọ́jú pàjáwìrì ilé ìwòsàn kan nílé, mo sì wá rí i pé ọ̀nà yìí mọ àkókò oúnjẹ rẹ̀. Ebi máa ń pa á ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ebi máa ń pa á bí ọdún Kérésìmesì àti ọdún Iléyá bá ti ń sún mọ́lé. Ebi máa ń pa á láàárọ̀ kùtù, nígbà tí dírẹ́bà tí kò sùn láti àná bá fẹ́ fi ìrìn kan ṣoṣo sí i parí owó tí yóò kó fún olówó ọkọ̀. Àwa nọ́ọ̀sì á ti kó báńdéèjì sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn dé. Ohun tí a lè fi ojú kàlẹ́ńdà mọ̀, ṣé àjẹ́ ló yẹ ká máa dá lẹ́bi?

Wọlé Ṣóyínká rí ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó bí mi. Eré oníṣe wọn, The Road, tó jáde ní 1965, kún fún dírẹ́bà, òkú àti Ògún. Ohun tó wú mi lórí ni pé wọn kò dúró sórí ìwé. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ni ní Ifẹ̀, wọ́n bá wọn dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sílẹ̀ ní 1988, àwọn ni alága àkọ́kọ́. Ẹni tó mọ oríkì Ògún tó bẹ́ẹ̀ kò rò pé oríkì nìkan lè dá tírélà dúró.

Àjọ náà wà, òfin náà sì wà. Ẹ gbọ́ èyí ná: ní England àti Wales, òfin gbà kí awakọ̀ ní mílígíráàmù 80 ọtí nínú mílílítà 100 ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Scotland dín tiwọn kù sí 50 ní 2014. Ní Nàìjíríà, 50 náà ni. Òfin tiwa le ju ti ibi tí mò ń gbé báyìí lọ! Tí ẹ bá sọ èyí fún ìyá oníparága, yóò bi yín léèrè bóyá ẹ fẹ́ ife ńlá tàbí ife kékeré. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ní 2009 á rántí nígbà tí wọ́n ní dandan ni kí ọlọ́kadà àti èrò ẹ̀yìn rẹ̀ dé akoto. Àwọn kan dé igbá, àwọn kan dé ike ọ̀dà, àwọn èrò mìíràn sì kọ̀ láti dé akoto ọlọ́kadà nítorí wọ́n ní wọ́n lè ti fi oògùn sí i. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Lónìí, nígbà tí mo bá rántí orí tí mo ti fọ̀ mọ́ ní yàrá pàjáwìrì, ẹ̀rín náà kì í wá mọ́.

Mo dé Wales ní 2018. Ní Kérésìmesì àkọ́kọ́, àwa nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù wa lọ jẹun níta. Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun mímu, wọ́n ti ń bi ara wọn pé ta ló ń wakọ̀. Ọmọbìnrin kan gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, ó ní òun ni, ó sì mu omi ọsàn títí a fi dìde. Kò sẹ́ni tó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, obìnrin kan tó dàgbà ju gbogbo wa lọ ní kí wọ́n bu wáìnì sí i fún òun, pé ilé òun kò jìnnà, òun á rọra wa ọkọ̀ lọ. Tábìlì wa pa lọ́lọ́. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, àwa mẹ́jọ péré ni. Ẹni tó kéré jù láàárín wa, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè, ló ní, "Rárá o, mo ti ń pe tàkìsì fún ọ." Obìnrin yẹn pọ́n lójú, ó ní àwàdà ni òun ń ṣe. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo ọmọ kékeré yẹn, mo ń rántí ìyá tó gbé àpò ẹ̀wà sórí ẹsẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn. Aláìsàn kan ló là mí lójú, bàbá arúgbó kan tó ti ṣiṣẹ́ nínú ihò èédú. Lóru ọjọ́ kan tí oorun kọ̀ láti kùn wọ́n, wọ́n ń sọ ìtàn ìgbà èwe wọn fún mi. Wọ́n ní nígbà tiwọn, ẹni tó bá kọ ife ìkẹyìn ní ilé ọtí ni wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n ní bàbá àwọn máa ń di ojú kan wakọ̀ délé kí ilà ojú ọ̀nà má baà di méjì, gbogbo àdúgbò á sì máa fi í ṣe àpárá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní ìyàwó aládùúgbò kan wà tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan. Wọn kò parí ìtàn yẹn, mi ò sì ní kí wọ́n parí rẹ̀.

Nígbà tí òfin ẹ̀rọ tí awakọ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá 1967, ariwo ta. Àwọn onílé-ọtí bínú. Mínísítà ètò ìrìnnà tó gbé òfin náà kalẹ̀, Barbara Castle, kò mọ ọkọ̀ wà fúnra rẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ ronú irú èébú tó gbọ́: obìnrin, kò wakọ̀, ó sì fẹ́ gba ọtí lẹ́nu ọkùnrin! Ní 1966, èèyàn 7,985 ni ìjàm̀bá ọkọ̀ pa nílẹ̀ Britain. Ní 2023, 1,624 ni, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ti pọ̀ ju ti ìgbà yẹn lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ọtí nìkan kọ́ ló fà á. Wọ́n sọ bẹ́líìtì di dandan fún àwọn tó jókòó níwájú ní 1983, ọkọ̀ sunwọ̀n sí i, ọ̀nà sunwọ̀n sí i, iṣẹ́ tiwa ní ilé ìwòsàn náà sunwọ̀n sí i. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kò lè dúró sẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé ọtí. Ohun tó yí padà láàárín bàbá arúgbó yẹn àti ọmọ tó pe tàkìsì ni ẹni tí ojú ń tì. Ní bọ́ọ̀sì wa, ìyá tó sọ̀rọ̀ lojú tì. Ní tábìlì wa, ẹni tó fẹ́ mu wáìnì kó tó wakọ̀ lojú tì.

Ẹ má rò pé mò ń pe àwọn èèyàn yìí ní áńgẹ́lì o. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án 2023, ìjọba Wales sọ eré 30 di 20 ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ òpópónà àdúgbò. Háà! Ó lé ní 460,000 orúkọ tí wọ́n kọ sórí ìwé ẹ̀hónú, nílẹ̀ tí èèyàn inú rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù mẹ́ta ó lé díẹ̀ lọ. Wọ́n da ọ̀dà sórí pátákó tí wọ́n kọ 20 sí. Ẹni tí kò jẹ́ mu ife bíà kan kó wakọ̀ yóò fi eré 35 kọjá níwájú ilé ìwé, yóò sì sọ fún yín pé òun mọ ọ̀nà. Lórí WhatsApp àwa Yorùbá tó wà níbí, a bú ìjọba bíi pé wọ́n gba ilẹ̀ bàbá wa. Èmi náà bú wọn. Iye tí ìjọba gbé jáde lẹ́yìn náà fi hàn pé àwọn tó ń farapa lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ dín kù, ọ̀rọ̀ yẹn kò sì gbá kiri lórí WhatsApp wa rárá. Ó dà bíi pé ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ̀ tí àwọn èèyàn ibẹ̀ ti fi ji ara wọn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn.

A ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ọmọ mi fa aṣọ mi. Ó wo Bàbá Tóyìn níbi tí wọ́n ti fọwọ́ ti ògiri, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ara Bàbá ò yá ni?"

Mo gbé ike ìrẹsì méjèèjì kalẹ̀. Kò rọrùn o. Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ bí wọ́n ṣe tọ́ mi, ẹ mọ̀ pé ẹnu wa kì í gbà láti sọ fún àgbà pé ó ti yó. A máa ń ní "ó ti rẹ̀ wọ́n." Mo kúnlẹ̀, lórí sìmẹ́ǹtì tó tutù, pẹ̀lú aṣọ ẹbí mi. Mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ó ti rẹ̀ yín. Mọ́ọ̀tì nìkan ni mo mu láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbé yín délé, ọkọ̀ yín á wà níbí di ọ̀la."

"Èmi?" Ohùn wọn le. "Ìwọ fẹ́ gbé mi? Èmi tí mo ti ń wa ọkọ̀ kí bàbá rẹ tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, òótọ́ ni sà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́. N kò dìde. Ẹ̀rín ti tán. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ ohùn obìnrin kan: "Ọmọ yìí, ó tó o. Má fi àgbà wọ́lẹ̀ níta gbangba." Ẹ̀yin èèyàn mi, ohùn inú bọ́ọ̀sì yẹn ni. Kò yí padà, ó kàn gba físà ni. Ọkùnrin kan ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n má dá mi lóhùn, kí wọ́n kàn máa rọra lọ. Bàbá Tóyìn yí mi ká, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi ọkọ̀. Mo ti pàdánù. Mo mọ̀ pé mi ò ní lè fi agbára gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó fún mi ní kóòtù.

Ìyàwó wọn ló tán ọ̀rọ̀ náà. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n tú bẹ́líìtì ọmọ yẹn, wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì dúró sábẹ́ òjò pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́.

"Èmi ò lọ," wọ́n ní.

Bàbá Tóyìn wò wọ́n. Òjò ń rọ̀ sórí gèlè tí wọ́n fi àárọ̀ odindi wé. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kì í ṣe sọ́wọ́ mi, sínú omi tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, wọ́n sì lọ jókòó sínú ọkọ̀ mi láìbá mi sọ̀rọ̀. Mo fi ọwọ́ wá a nínú omi yẹn, mo fi ìborùn mi nù ún, mo kó o fún Màmá.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá Newport. Àwọn ọmọ sùn, Màmá jókòó sáàárín wọn. Nígbà tí a gun orí afárá, tí atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọkọ̀, Bàbá Tóyìn sọ̀rọ̀ láìwo ojú mi. Wọ́n ní, "Ọ̀nà Bìní ni àbúrò mi kú sí. Mo ti sọ fún un." N kò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n sọ fún un. Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ti di oṣù mẹ́rin báyìí. Wọn kò pè mí mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní àpèjẹ ìsọmọlórúkọ kan tí a tún ti pàdé, wọ́n kí mi pé "Ọlọ́pàá, ẹ kú iṣẹ́," gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Ẹnì kan ti kọ ọ́ sórí WhatsApp pé àwọn ọmọ tó bá ti pẹ́ nílùú òyìnbó kì í ní ẹ̀kọ́ ilé mọ́. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò sì sẹ́ni tí kò mọ ẹni tó ń bá wí. Màmá nìkan ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá: "O ṣé, ọmọ mi. Mo ti ń gbé ọmọ yẹn sínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́." Mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà ogún. Bí wọ́n ṣe sọ "tipẹ́" yẹn ló ń dùn mí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ti iṣẹ́ òru dé, mo kàn yí aṣọ padà ni, mo sì ń gbé ọmọ mi lọ sí ilé ìwé. A ti pẹ́. Òpópónà tí mò ń gbà ní ojoojúmọ́ ni, kò sí kámẹ́rà níbẹ̀, mo sì mọ gbogbo kọ́nà rẹ̀.

"Mọ́mì," ọmọ mi ní láti ẹ̀yìn, "20 ni wọ́n kọ síbẹ̀ o."

"Dákẹ́ ná," mo ní, "jẹ́ kí n gbájú mọ́ ọ̀nà."

Ó dákẹ́. Mo ti sọ ọ́ tán kí etí mi tó gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ. Mo wò ó nínú díńgí. Ó ń wo ìta gba ojú fèrèsé, ó fi ọwọ́ méjèèjì di bẹ́líìtì rẹ̀ mú. Mo ní kó má bínú. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò, mo jẹ́ kí ọkọ̀ rọ̀ sílẹ̀ títí ó fi di 20. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fèrè.